Ta Ló Rán Ọ? Gbajúmọ̀ àti Ìjà fún Ìyípadà láti Gbòǹgbò

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá 2020, Davido, olórin tí tọmọdé-tàgbà mọ̀, lọ bá ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà ní Abuja. Ìwọ́de tako ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ti gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjọba ti kéde lọ́jọ́ tó ṣáájú pé àwọn ti tú SARS ká, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò kúrò lójú títì. Kí fídíò ìpàdé náà tó tàn kálẹ̀ tán ni ariwo ti sọ lórí ayélujára: ta ló rán an? Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Orin rẹ̀, FEM, tó jáde ní oṣù tó ṣáájú, ni wọ́n ń kọ sí olóṣèlú létí níbi ìwọ́de. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé inú rere ló bá lọ. Wọ́n mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ń dé ibi tí tiwọn kò lè dé. Wọ́n sáà fẹ́ mọ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bí gbajúmọ̀ kan bá sọ pé ètò ìlú ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé kí a hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ìgbésí ayé rẹ̀ la kọ́kọ́ máa ń tú wò. Mọ́tò wo ló ń gùn? Ta ló ń sanwó fún un? Ilé ìwé wo lọ́mọ rẹ̀ ń lọ? Bí ohun tí a rí bá tako ohun tó sọ, a ó ní alágàbàgebè ni, a ó sì di etí wa. Mi ò sọ pé ìbéèrè wọ̀nyẹn kò nítumọ̀. Ohun tí mo fẹ́ jà fún níhìn-ín ni pé wọn kọ́ ló ṣe kókó jù. Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ohun tó ń mú kí ohùn tẹ̀wọ̀n nínú ọ̀rọ̀ ìlú ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó lè pe oníṣẹ́ padà kó sì sọ pé, "Èyí kọ́ la rán ọ." Gbajúmọ̀ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbà gbọ́ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rán an. Kò lè jẹ́ aṣojú bí a kò bá rán an. Nítorí pé a kì í mọ̀yàtọ̀ láàárín ipò méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ìjà wa ṣe ń forí ṣánpọ́n.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní ìyípadà láti gbòǹgbò, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí gbogbo ẹnu ń sọ. Kí ìjọba dá owó epo padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, àtúnṣe ni. Kí àwọn tó ń ra epo lágbára láti mọ bí a ṣe ń ná owó epo, kí wọ́n sì lè yọ ẹni tó bá ná an ní ìnákúnàá nípò, ìyẹn ti kan gbòǹgbò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá kan fò láti náírà 65 sí 141. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, èrò sì kún Gani Fawehinmi Park ní Ọjọ́ta bámúbámú. Olórin, òṣèré àti aláwàdà gun orí pèpéle níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì mú àwọn èèyàn lórí yá. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá ìdaṣẹ́sílẹ̀ dúró, epo di náírà 97, ṣọ́jà sì gba pápá náà. Ẹnikẹ́ni kò bi èrò Ọjọ́ta bóyá wọ́n fara mọ́ 97. Kò tilẹ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè dáhùn ká ní ẹnìkan bi wọ́n. Àwọn gbajúmọ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọba kì í pọ̀kọrin

Àwọn kan yóò sọ pé láti ìwáṣẹ̀ ni olórin ti jẹ́ ẹnu ìlú nílẹ̀ Yorùbá, wọn yóò sì rán wa létí pé ọba kì í pọ̀kọrin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ààbò yẹn ti wá. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti láwọn ìlú tó yí wọn ká, òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde nínú ọjà, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀ kì í yanu sọ ọ̀rọ̀ ìlú lójijì. Ìbà ló kọ́kọ́ ń jú: ó ń júbà òrìṣà, ó ń júbà àwọn ìyá, ó ń júbà àwọn tó ti gbé Ẹ̀fẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí ìbà bá ṣẹ ló tó ń kọrin sí olóyè tó jẹ owó ìlú àti ẹni tó ba ilé onílé jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn náà ló sì ń gbè é. Henry Drewal àti Margaret Thompson Drewal, nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983, fi hàn pé agbára àwọn ìyá ló dúró ti gbogbo ètò náà. Ní Ìbàdàn náà, ọjọ́ Òkèbàdàn ni ẹnu ń gba ohun tí kò gbọdọ̀ gbà lọ́jọ́ mìíràn.

Ìlú ló ni ààbò, kì í ṣe olórin. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a gba ẹ̀kú lára ẹni tó gbé Ẹ̀fẹ̀, èèyàn lásán ló kù, kò sì lè dúró lọ́jà lọ́sàn-án gangan kó máa bú ọba nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn. Òkìkí òde òní ti dojú ètò yìí bolẹ̀. Lónìí, olórin ló ni orúkọ, ilé iṣẹ́ kan ló ni orin, ìlú sì di oníbàárà. Bó bá bú ìjọba, oníbàárà lè pàtẹ́wọ́, ó sì lè dákẹ́. Kò lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n má sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni: Ẹ̀fẹ̀ gan-an kò hu gbòǹgbò. Ó ń bá ọba wí kí oyè ọba lè dúró dáadáa ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn Ẹ̀fẹ̀ ti gbajúmọ̀ òde òní lẹ́yìn nínú ìjà láti yí gbogbo ètò padà, ó ń yá aṣọ tí kò bá a mu.

Ẹ̀yà orin wa kejì, orin ọlá, tilẹ̀ jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú tó jáde ní 1990, ṣàlàyé bí òde àríyá ṣe ń mú kí ipò olówó àti ipò ẹni tó ń wojú olówó dà bí ohun tó ti yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 1998, nígbà tí wọ́n kó èèyàn jọ sí Abuja láti bẹ Abacha pé kó wá di ààrẹ alágbádá, àwọn olórin ńláńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọrin. Mi ò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti fi ń jẹun nídìí ẹni tó bá ní agbára lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń jẹun nílé olówó, ó ṣòro kó dá a lẹ́bi níta.

Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ

Hubert Ogunde, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ti ṣe ọlọ́pàá lábẹ́ ìjọba amúnisìn rí. Ní 1945, ọdún tí òun àti ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ òòjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà nítorí pé ogun ti gbé owó ọjà ga ju owó oṣù wọn lọ. Ogunde gbé Strike and Hunger jáde. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley ní Enugu ní oṣù kọkànlá 1949, ó gbé Bread and Bullet jáde. Nínú eré méjèèjì, ìjà ti wà nílẹ̀ kí òṣèré tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ní ẹgbẹ́, wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì ti fi ebi jà á. Ogunde bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìlú tí ìwé ìròyìn kò dé, lédè tí ìyá aláta gbọ́. Àwọn aláṣẹ mọ ohun tó ń ṣe: wọ́n fòfin de Strike and Hunger ní Jos ní 1946.

Ti Yorùbá Ronú yàtọ̀. Ọdún 1964 ni, Awólọ́wọ̀ ti wà lẹ́wọ̀n, ìjà sì ti pín àwọn aṣáájú Yorùbá yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ìjọba Akíntọ́lá rí ara rẹ̀ nínú eré náà, ó sì fòfin de ẹgbẹ́ Ogunde ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ogunde fi Òtítọ́ Korò fèsì. Òfin náà kò kúrò àfìgbà tí ológun gba ìjọba ní 1966. Ó yẹ ká ronú lórí ohun tí ìyẹn ná an. Láti ìlú dé ìlú ni ẹgbẹ́ alárìnkiri ń jẹun: wọn yóò háyà gbọ̀ngàn, wọn yóò lẹ pátákó mọ́ ara ọkọ̀, wọn yóò ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, owó alẹ́ yẹn ni epo tí yóò gbé wọn dé ìlú kejì. Ẹni tó bá ti Ìwọ̀-Oòrùn mọ́ Ogunde, ó ti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan sọ nígbà náà pé ó ti di agbẹnusọ fún apá kan nínú ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú, wọn ò sì jẹ̀bi láti béèrè. Iṣẹ́ àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ ló jẹ́ ní 1945. Ta ló rán an ní 1964? Gbogbo Yorùbá ló pè kó ronú, ṣùgbọ́n gbogbo Yorùbá kọ́ ló jókòó láti sọ pé kó lọ pè wọ́n. Ohun tó mú kí n gba ohùn rẹ̀ gbọ́ síbẹ̀ ni pé ẹni tó pàdánù oúnjẹ nítorí ọ̀rọ̀ kò lè jẹ́ ẹni tó sọ ọ́ nítorí oúnjẹ. Ibẹ̀ náà ni mo dá a dúró sí. Ìyà kì í sọ irọ́ di òótọ́, kì í sì í sọ ẹnìkan di aṣojú. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń jẹ́ ká mọ̀ pé ẹni náà gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ohun tí ilé ẹjọ́ ń wá lára ẹlẹ́rìí nìyẹn, ó sì ṣe pàtàkì.

Kalakuta

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó gbóná bíi ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Tẹ́júmọ́lá Ọláníyan, nínú ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 2004, rán wa létí pé Fẹlá kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajàjàgbara. Akọrin ìgbafẹ́ ni. Ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969, níbi tó ti pàdé Sandra Smith ní Los Angeles, tí ìyẹn sì fún un ní ìwé kà, ló yí i lójú padà. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé kí gbajúmọ̀ "dúró lórí orin rẹ̀". Ká ní Fẹlá dúró lórí orin ọdún 1965, a kì bá tí máa jíròrò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì 1977, ẹgbẹ̀rún ṣọ́jà tàbí iye tó sún mọ́ ọn yí ilé rẹ̀, Kalakuta, ní Agége Motor Road ká. Wọ́n lu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Màmá kú ní oṣù kẹrin 1978. Nígbà tí ìjọba ológun ń palẹ̀mọ́ ní 1979 láti gbé àṣẹ fún alágbádá, Fẹlá àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé pósí kan lọ sí Dodan Barracks, ibi tí olórí ìjọba ń gbé. Ṣọ́jà wà lẹ́nu géètì, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ lórí redíò ìbá parẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìwé ẹ̀sùn ìbá sọnù sínú fáìlì. Pósí kì í sọnù: ẹni tí a bá gbé e ká mọ́lé gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò gbé e kúrò. Ìwádìí ìjọba ti ní kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe é. Fẹlá gbé ẹ̀rí lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó gbà pé ó mọ̀. Mi ò mọ ẹlẹ́rìí mìíràn nínú ìtàn Nàìjíríà tó jẹ́rìí báyìí.

Síbẹ̀, nígbà tí Fẹlá gbìyànjú láti kọjá ẹ̀rí sí ìṣojú, ilẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, Movement of the People, láti du ipò ààrẹ ní 1979. Wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtàn máa ń parí síbẹ̀, wọ́n á ní ìjọba ló dí i lọ́nà. Ìjọba dí i lọ́nà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ta ni ọmọ ẹgbẹ́ tó lè dìde níbi ìpàdé kó ní, "Fẹlá, o ṣìnà níbí yìí," kí ọ̀rọ̀ náà sì fìdí múlẹ̀? Orílẹ̀-èdè olómìnira ni wọ́n pe Kalakuta, àmọ́ òun ni ọba níbẹ̀, òun náà ni adájọ́. "Ààrẹ Aláwọ̀ Dúdú" ni wọ́n ń kì í, ẹnikẹ́ni kò sì dìbò. Àwọn obìnrin tó jìyà pẹ̀lú rẹ̀ ní 1977, ó gbé 27 níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 1978, ó ní òun fi bo àṣírí wọn, òun fi dá wọn lọ́lá. Mo gbà pé ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Ipò ìyàwó sì yàtọ̀ sí ipò ẹni tó rán ni níṣẹ́.

Ní 1984, wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfurufú nítorí £1,600, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Oṣù 20 ló lò kó tó jáde ní 1986, Amnesty International sì ti pè é ní ẹlẹ́wọ̀n ẹ̀rí ọkàn. Nígbà tó kú ní oṣù kẹjọ 1997, èrò tó tú jáde láti sin ín pọ̀ débi pé Èkó dúró. Abacha ṣì wà lórí oyè nígbà náà. Ẹ wò ó bí agbára yẹn ti tó: ogunlọ́gọ̀ èèyàn lójú títì nígboro Èkó, lábẹ́ ìjọba tó ń rán èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí ìpàdé lásán. Wọ́n sin ín tán, wọ́n padà sílé. Ìfẹ́ rẹ̀ kó wọn jọ, kò sì sí nǹkankan mìíràn tó so wọ́n pọ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé mo ń béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe. Lábẹ́ ìbọn ológun, ẹgbẹ́ wo ló kù tó lè rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́? Bí gbogbo èèyàn bá ń dúró de ẹni tí yóò rán wọn, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Àtakò yìí lágbára, mo sì gbà á dé ibì kan. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ibi, kó kígbe. A kì í gba ìwé àṣẹ kí a tó kígbe olè. Ìgbe yẹn ni mo pè ní ẹ̀rí. Mi ò sì sọ pé kí oníṣẹ́ máa tún ọ̀rọ̀ sọ bí ayékòótọ́, nítorí a tún máa ń rán ni níṣẹ́ ẹrú kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n oníṣẹ́ ní àyè rẹ̀. Àmọ́ bó bá padà dé, ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò jábọ̀ fún.

Bobi Wine, olórin ilẹ̀ Uganda, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Robert Kyagulanyi, ni wọ́n máa ń fi bì mí lulẹ̀ bí mo bá sọ báyìí. Ẹ wo bó ṣe ṣe é ná. Ní 2017, ó lọ bẹ àwọn ará Kyadondo East pé kí wọ́n rán òun lọ sílé ìgbìmọ̀, wọ́n sì rán an. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó du ipò ààrẹ ní 2021. Nílé wa níbí, olórin Banky W bẹ àwọn ará Eti-Ọ̀sà lẹ́ẹ̀mejì, ní 2019 àti 2023, pé kí wọ́n rán òun lọ sí Abuja, wọn kò sì rán an. Ọ̀pọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun iyì ni lójú tèmi pé ó béèrè, ó gbọ́ rárá, ó sì tún padà lọ béèrè.

Ìmọ́lẹ̀ fóònù

Ká padà sí 2020. Ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, ní tóò-géètì Lẹ́kí, iná kú. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ṣọ́jà dé, ìbọn dún. DJ Switch, tó ń fi orin dá àwọn èèyàn lára yá láwọn ọjọ́ tó ṣáájú, tan Instagram rẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán náà ń gbọ̀n, ó ṣókùnkùn, ariwo ń sọ, àwọn èèyàn rọ̀gbà yí ẹni tí ọta ti bà lẹ́sẹ̀ ká, wọ́n ń gbìyànjú láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Àwọn tó ń wò ó káàkiri ayé kò níye. Lẹ́yìn èyí, ó fi agolo ọta tó ṣà nílẹ̀ hàn. Wọ́n pè é ní òpùrọ́, ó sì ní láti sá kúrò nílùú. Ní oṣù kọkànlá 2021, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí fi àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà wé ìpakúpa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gba ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ohun tó dá mi lójú ni pé ká ní fóònù náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ojú tó wò ó kì bá tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òkìkí rẹ̀ ṣiṣẹ́ àtùpà. Kò sọ pé òun ń ṣojú ẹnikẹ́ni. Ó rí i, ó sọ ọ́, ó sì san gbèsè rẹ̀.

Àwọn tó wọ́de lọ́dún náà sọ ọ́ gbangba pé àwọn kò ní aṣíwájú. Ìdí wọn lágbára, nítorí wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe ń ra aṣíwájú tàbí tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n àga aṣíwájú kì í ṣófo pẹ́. Ìjọba tó ń wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ yóò pe ẹni tó mọ̀, ẹni tó sì mọ̀ kò ju olórin, òṣèré àti aláwàdà lọ. Bí gbajúmọ̀ ṣe ń di aṣojú láìjẹ́ pé ó wá a nìyẹn. Ẹni tí a bá ń bá jà ló ń yàn án fún wa. Mi ò dá Davido lẹ́bi. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Àwa ni a kò ní ẹni tí a lè ní kó bá a wọlé, kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì jáde wá jábọ̀ fún wa.

Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ́dún náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin kan tí wọ́n pe ara wọn ní Feminist Coalition. Wọ́n gba ọrẹ tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà, wọ́n fi ra oúnjẹ, wọ́n fi sanwó ilé ìwòsàn àti ti agbẹjọ́rò. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà báńkì mọ́ wọn, wọ́n gba Bitcoin. Wọ́n sì ń tẹ ìṣirò owó náà jáde kí gbogbo ayé rí i. Ìwé ìṣirò yẹn jọ mí lójú ju orin kankan tí a kọ lọ́dún náà. Àmọ́ àwọn tó dáwó pọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ọjọ́ ìpàdé, kò sí ìbò. Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò gba ọrẹ mọ́, lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn ìyìnbọn Lẹ́kí, ohun tó so àwọn tó wọ́de pọ̀ tú.

Ìyá ṣáájú ọmọ

Ó ń ká mi lára nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ ìtàn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí ìyá Fẹlá nìkan, nítorí inú ilé kan náà ní Abẹ́òkúta ni a ti rí ọ̀nà méjèèjì. Òkìkí Fẹlá ló bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti ìyá, ẹgbẹ́ ló bí òkìkí. Olùkọ́ ni, tó kàwé ní England, ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ló kọ́kọ́ darí. Ní àárín ọdún 1940 sí 1945, àwọn ìyá ọjà mú ẹjọ́ wá bá a: wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn lábẹ́ òfin ogun, wọn kò sì sanwó tó yẹ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti yí padà tó fi di Abeokuta Women's Union, tí àwọn tó kọ̀tàn rẹ̀ sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó 20,000. Wọ́n ń dáwó ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n gba aṣàyẹ̀wò owó kó yẹ ìwé ìjọba ìbílẹ̀ wò. Owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ ni ìjà wọn kọ́kọ́ dojú kọ. Kò pẹ́ tó fi kan gbòǹgbò, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba amúnisìn gbé lé Aláké lọ́wọ́ láìsí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀.

Ohun kékeré kan wà tí mo máa ń ronú sí. Aṣọ òyìnbó ni obìnrin yìí ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ìjà náà ṣe ń le, ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó we gèlè. Ó sì ń sọ Yorùbá níwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún ara wọn. Àwọn kan lè rò pé ó ń fi aṣọ ṣe àfihàn ni, bí gbajúmọ̀ ṣe ń ṣe lónìí. Èmi rò pé ó yàtọ̀. Èdè tó sọ yẹn ni àwọn tó rán an ń gbọ́. Kò fẹ́ kí òun àti òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá eléwé-ọmọ tó wà lẹ́yìn òun kò ní gbọ́ bó ṣe lọ.

Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló lọ sí Ààfin Aké. Wọ́n kọrin sí Aláké Adémọ́lá, orin tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ìròyìn. Ilẹ̀ ṣú, wọn kò lọ. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tẹ́ aṣọ, wọ́n sùn síta gbangba, àwọn ọlọ́mọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ìjọba dá owó orí àwọn obìnrin dúró ní 1948, Aláké sì kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Àwọn aláṣẹ pe ìyá yìí wọlé fún ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àkókò yẹn. Bó bá ti wọlé, ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín òun àti wọn. Wọ́n wà níta níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ń dúró kó jáde wá sọ ohun tí wọ́n sọ.